Ẹsẹ̀ tó ń wọ́ nílẹ̀: ọ̀rọ̀ lórí iṣan tó rọ nítorí nẹ́ẹ̀fù tó fara pa

Ní Ògbómọ̀ṣọ́ wa níbí, bí ẹsẹ̀ ènìyàn bá ṣàdédé rọ, ìbéèrè tí àwọn ẹbí sábà máa ń kọ́kọ́ bi í ni pé, "Kí lo tẹ̀?" Wọ́n á ní ó ti gbé ẹsẹ̀ lé ohun tí ọ̀tá gbé sílẹ̀ dè é, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tó lè wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Àwọn mìíràn á ní rọpárọsẹ̀ ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú aláìsàn kò wọ́, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kò sì lọ́. Iṣẹ́ físíò, ìyẹn fífi ìdárayá tọ́jú iṣan àti oríkèé, ni mo ń ṣe, àwọn tí apá tàbí ẹsẹ̀ wọn rọ ni mo sì ń bá pàdé jù lẹ́nu iṣẹ́ mi. Ohun tó ń bà mí nínú jẹ́ ni pé ọ̀pọ̀ wọn á ti pẹ́ nídìí gbẹ́rẹ́ àti àgbo kí wọ́n tó dé iwájú ẹni tó lè mọ ibi tí nẹ́ẹ̀fù, okùn tó ń gbé àṣẹ lọ sínú iṣan, ti fara pa. Ì bá ṣe pé àìsàn tó lè dúró deni ni, n kì bá tí kọminú tó bẹ́ẹ̀. Àmọ́ eléyìí kì í dúró, ìṣirò kékeré kan ló sì fi í hàn.

Iṣan kò lè dá ohunkóhun ṣe. Kí ènìyàn tó gbé ẹsẹ̀, àṣẹ ní láti kúrò nínú ọpọlọ, kí ó gba inú ọ̀pá ẹ̀yìn kọjá, kí ó sì ti ibẹ̀ bọ́ sínú nẹ́ẹ̀fù, ìyẹn okùn funfun tó so ọ̀pá ẹ̀yìn mọ́ gbogbo iṣan ara. Nínú nẹ́ẹ̀fù ńlá kan ṣoṣo, ẹgbẹẹgbẹ̀rún fọ́nrán tín-ín-tín-ín ló wà: àwọn kan ń gbé àṣẹ lọ sínú iṣan, àwọn kan ń gbé ìròyìn ìrora, ooru àti òtútù wá sí ọpọlọ, àwọn kan sì ń ṣàkóso òógùn àti ìṣàn ẹ̀jẹ̀. Ìdí nìyí tí ẹsẹ̀ tó rọ nítorí nẹ́ẹ̀fù fi sábà máa ń kú, tàbí kí ó máa ta ènìyàn riri pẹ̀lú. Ọ̀rá kan tí wọ́n ń pè ní myelin ló bo ọ̀pọ̀ nínú àwọn fọ́nrán náà, òun ló sì ń jẹ́ kí àṣẹ yára dé ibi tó ń lọ.

Herbert Seddon, oníṣẹ́-abẹ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pín ìfarapa nẹ́ẹ̀fù sí ọ̀nà 3 ní ọdún 1943, a sì ń lo ìpín náà títí di òní. Nínú èkínní, ọ̀rá ìbòrí nìkan ló bàjẹ́ níbi tí nǹkan ti tẹ nẹ́ẹ̀fù mọ́lẹ̀; irú èyí máa ń san fúnra rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan sí oṣù 3. Nínú èkejì, fọ́nrán inú rẹ̀ já, ṣùgbọ́n awọ tó yí i ká ṣì wà, fọ́nrán á sì máa hù padà gba inú awọ náà. Nínú ẹ̀kẹta, gbogbo rẹ̀ ló já pátápátá, tàbí kí àpá dí inú rẹ̀ pa, èyí kì í sì í san láìṣe iṣẹ́ abẹ.

Ìṣirò tí mo sọ nìyí. Fọ́nrán nẹ́ẹ̀fù tó já máa ń hù padà ní nǹkan bí mìlímítà 1 lójúmọ́, ìyẹn nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 3 lóṣù. Bí àgbàlagbà bá fara pa ní ìdí, tí iṣan tó ń gbé iwájú ẹsẹ̀ sókè sì wà nísàlẹ̀ orúnkún, ọ̀nà tí fọ́nrán náà ní láti rìn lè tó sẹ̀ǹtímítà 45. Ọjọ́ 450 nìyẹn, ó ju ọdún kan lọ dáadáa. Bẹ́ẹ̀ sì ni iṣan tí kò rí àṣẹ gbà kì í dúró títí láé: ó ń gbẹ, ó ń tín-ín-rín, nígbà tí ó bá sì fi máa tó oṣù 12 sí 18, ọ̀rá àti àpá á ti gba ipò rẹ̀, tó fi jẹ́ pé bí nẹ́ẹ̀fù bá tilẹ̀ padà dé, kò ní bá iṣan tó lè dá a lóhùn. Iṣẹ́ abẹ tí ì bá ran ènìyàn lọ́wọ́ ní oṣù kẹta tàbí ìkẹrin lè má wúlò mọ́ ní oṣù kẹwàá, kì í ṣe nítorí pé dókítà kò mọṣẹ́, bí kò ṣe pé ọ̀nà tó kù gùn ju àkókò tó ṣẹ́ kù lọ. Ọmọdé ní àǹfààní díẹ̀ nítorí pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú, fọ́nrán kò sì ní rìn jìnnà, ṣùgbọ́n àǹfààní náà kò tó èyí tí òbí lè fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú.

Nínú gbogbo ohun tó ń fa àìsàn yìí, abẹ́rẹ́ ìdí ló ń dùn mí jù, nítorí pé ọwọ́ ènìyàn ló ń fà á, ọwọ́ ènìyàn sì lè dá a dúró. Nẹ́ẹ̀fù tó tóbi jù lọ nínú ara, èyí tí wọ́n ń pè ní sciatic, gba abẹ́ ẹran ìdí kọjá lọ sí itan. Bí a bá fi ojú pín ìdí ẹ̀gbẹ́ kan sí ọ̀nà mẹ́rin, apá ìsàlẹ̀ tó sún mọ́ àárín ni ewu wà jù; apá òkè tó wà lọ́wọ́ òde ni wọ́n ń kọ́ nọ́ọ̀sì láti gún. Ọmọ kékeré kò ní ẹran ìdí tó pọ̀, ó ń jà, ó ń yí síhìn-ín sọ́hùn-ún, ẹni tó sì mú abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ lè jẹ́ oníkẹ́míìsì tí ẹnikẹ́ni kò kọ́ ní ibi tí nẹ́ẹ̀fù gbà. Bí abẹ́rẹ́ bá wọ inú nẹ́ẹ̀fù, tàbí tí oògùn bá dà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ọmọ á figbe ta, ìrora á sáré láti ìdí dé ọmọ-ìka ẹsẹ̀, nígbà mìíràn kò ní ju ọjọ́ náà lọ tí iwájú ẹsẹ̀ á fi rọ̀ wálẹ̀. Oògùn tó dà síbẹ̀ sábà máa ń ba nẹ́ẹ̀fù jẹ́ ju ihò abẹ́rẹ́ fúnra rẹ̀ lọ. Ẹ̀ka nẹ́ẹ̀fù náà tó ń gbé iwájú ẹsẹ̀ sókè ló sún sí òde jù, òun náà ló sì máa ń fara gbá a jù. Bí ọmọ náà bá ń rìn, ẹ ó rí i tó ń gbé orúnkún sókè bí ẹni ń rìn nínú omi, kí ìka ẹsẹ̀ má baà wọ́ nílẹ̀, imú bàtà rẹ̀ á sì máa jẹ kí ìyókù tó jẹ.

Ọ̀pọ̀ irú abẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀ ni kò pọn dandan rárá. Ibà tí kò le, oògùn oníhóró tí à ń pè ní ACT ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí a fi wò ó. Ibà tó le, tí gìrì ń mú ọmọ tàbí tí kò lè gbé nǹkan mì, ọsibítù ni ibẹ̀ yẹn, artesunate ni wọ́n sì ń fún un, inú iṣan ẹ̀jẹ̀ ni ó sàn kí ó gbà wọlé; bí ó bá di dandan kí wọ́n gún un sínú ẹran, iwájú itan ni wọ́n ń gún, kì í ṣe ìdí. Ẹ̀yin ìyá tó ń ka èyí, ẹ máa béèrè ìdí tí ọmọ yín fi nílò abẹ́rẹ́, kí ẹ sì máa ní kí wọ́n gún un sí itan. Nọ́ọ̀sì tó mọṣẹ́ kò ní bínú sí i.

Jàǹbá ọ̀kadà ni ó tún ń gbé ọ̀pọ̀ ènìyàn wá. Ẹni tó fi èjìká balẹ̀ lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́, tí orí rẹ̀ sì fà sí ẹ̀gbẹ́ kejì, lè fa àwọn nẹ́ẹ̀fù tó ti ọrùn wá sí apá já, gbogbo apá náà á sì máa fì dirodiro. Bí eegun òkè apá bá dá láàárín, nẹ́ẹ̀fù tí wọ́n ń pè ní radial, tó rọ̀gbà yí eegun náà ká, lè fara pa, ọrùn ọwọ́ á rọ̀ wálẹ̀, aláìsàn kò sì ní lè nà án sókè. Ọ̀pọ̀ jù lọ irú èyí ń san láàárín oṣù díẹ̀ bí awọ ara kò bá ya. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúnkún lọ́wọ́ òde, nẹ́ẹ̀fù ẹsẹ̀ kan wà tó jẹ́ pé awọ nìkan ló bò ó, ohunkóhun tó bá fún un mọ́ eegun níbẹ̀ lè jẹ́ kí iwájú ẹsẹ̀ rọ: POP (ìdì funfun tó ń le, tí ọsibítù fi ń di eegun tó dá) tó le jù, tàbí igi ọparun tí àwọn tó ń to eegun fi dì í. N kò bá àwọn àgbà tó ń to eegun jà, ìmọ̀ wà lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá di apá tàbí ẹsẹ̀ tó dá, tí ìka ń wú, tó ń kú, tí ìrora sì ń pọ̀ sí i dípò kí ó dín kù, kí wọ́n tú u lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n sì sáré lọ sí ọsibítù, nítorí pé láàárín wákàtí 6 péré, iṣan àti nẹ́ẹ̀fù tí ẹ̀jẹ̀ kò dé mọ́ lè kú.

Àwọn àìsàn inú ara náà wà. Àtọ̀gbẹ ló wọ́pọ̀ jù, ó sì máa ń kọ́kọ́ mú ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀, láti ọmọ-ìka lọ sókè, nítorí pé nẹ́ẹ̀fù tó gùn jù ni ṣúgà àpọ̀jù ń kọ́kọ́ bà jẹ́; ẹsẹ̀ á máa gbóná lóru, á sì máa kú lójú ọ̀sán. Ọtí àmujù ń ṣe irú rẹ̀. Ẹ̀tẹ̀, tí àwọn kan rò pé ó ti tán, ṣì wà: ibi tí àwọ̀ ara ti ṣá, tí kò sì mọ ìrora mọ́, pẹ̀lú nẹ́ẹ̀fù tó wú lẹ́yìn ìgbúnwọ́, ni àmì rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni oògùn rẹ̀ jákèjádò ayé láti 1995, bí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ bá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ, tí kò tíì pé oṣù 6, oògùn prednisolone lè dá agbára rẹ̀ padà. Ẹ tún kíyè sí àkókò níbẹ̀. Isoniazid, ọ̀kan lára oògùn ikọ́ ife, lè ba nẹ́ẹ̀fù jẹ́ bákan náà, ìdí sì nìyẹn tí wọ́n fi ń fi fítámíìnì B6 díẹ̀ kún un. Kí aláìsàn má ṣe dá oògùn ikọ́ náà dúró fúnra rẹ̀ o. Kí ó lọ sọ fún ẹni tó fún un.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀gẹ́ náà yẹ ní sísọ, nítorí pé ilẹ̀ wa ni ìmọ̀ rẹ̀ ti jáde. Ní àwọn ọdún 1960, Olúwakáyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun, ògbóǹtarìgì oníṣègùn ọpọlọ àti nẹ́ẹ̀fù ní Yunifásítì Ìbàdàn, ṣe ìwádìí lórí àwọn ará Ìjẹ̀bú tí ẹsẹ̀ wọn ń jó, tí ìrìn wọn kò dúró, tí ojú àti etí àwọn mìíràn nínú wọn sì ń bàjẹ́. Ó tọ́ka sí májèlé sáyánáìdì inú ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń jẹ lójoojúmọ́ láìsí ẹran, ẹja tàbí ẹ̀wà tó pọ̀ tó. Èyí kò sọ gàrí di ọ̀tá. Ẹ̀gẹ́ tí a rin, tí a jẹ́ kí ó kan fún ọjọ́ bíi mélòó kan, tí a fún omi rẹ̀ dànù, tí a sì yan, á ti pàdánù èyí tó pọ̀ jù nínú májèlé náà. Ẹni tó ń kánjú yan gàrí ọjọ́ kan torí ọjà ni ọ̀rọ̀ náà bá wí, àti ilé tí gàrí nìkan ti jẹ́ oúnjẹ àárọ̀, ọ̀sán àti alẹ́.

Èyí tí kò yẹ kí ó dúró di ọjọ́ kejì rárá ni àìsàn Guillain-Barré, tí wọ́n fi sọrí àwọn dókítà ilẹ̀ Faransé tó ṣàpèjúwe rẹ̀ ní 1916. Ara fúnra rẹ̀ ló ń bá nẹ́ẹ̀fù jà, ó sì sábà máa ń wáyé ní ọ̀sẹ̀ kan sí mẹ́rin lẹ́yìn ìgbẹ́ gbuuru tàbí òtútù. Ẹsẹ̀ méjèèjì á kọ́kọ́ rọ, á gun itan, á dé apá, ó sì lè dé iṣan tí a fi ń mí. Bí ẹ bá rí ẹni tí àìlágbára rẹ̀ ń gòkè láàárín ọjọ́ díẹ̀, tí ohùn rẹ̀ ń lọ sílẹ̀, tí kò lè gbé itọ́ mì, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù ńlá lójú ẹsẹ̀, yálà LAUTECH ni tàbí Bowen, tí àwọn àgbà ṣì ń pè ní Baptist láti ìgbà tí àwọn míṣánnárì ti dá a sílẹ̀ ní 1907. Wọ́n á fún un ní èròjà agbógunti àrùn tí wọ́n yọ láti inú ẹ̀jẹ̀ àwọn olùtọrẹ ẹ̀jẹ̀, tàbí kí wọ́n fọ omi inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Owó rẹ̀ pọ̀, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ẹni 4 nínú 5 ló máa ń fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn padà kí oṣù mẹ́fà tó pé.

Báwo ni a ṣe ń mọ̀ pé nẹ́ẹ̀fù ni, tí kì í ṣe rọpárọsẹ̀? Ìtàn aláìsàn ló kọ́kọ́ ń sọ̀rọ̀: ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, bó ṣe bẹ̀rẹ̀, abẹ́rẹ́ tó gbà, oògùn tó ń lò, ohun tó ń jẹ. Rọpárọsẹ̀ máa ń mú apá àti ẹsẹ̀ ẹ̀gbẹ́ kan lẹ́ẹ̀kan náà, ó ń lọ́ ẹnu àti ọ̀rọ̀, bó bá sì pẹ́ díẹ̀, ara ẹ̀gbẹ́ náà á le gbandi. Bí ó bá jẹ́ nẹ́ẹ̀fù, ibi tí nẹ́ẹ̀fù yẹn dé nìkan ló ń rọ, iṣan ibẹ̀ á gbẹ, bí a bá sì fi òòlù kékeré lu iṣan orúnkún tàbí gìgísẹ̀, kò ní ta sókè bó ṣe yẹ. Ojú tó wọ́ ní tirẹ̀ ní ìdánwò kan tí ẹnikẹ́ni lè ṣe nílé: ẹ ní kí ó gbé irun òkè ojú sókè kí iwájú orí kájọ. Bí iwájú orí ẹ̀gbẹ́ tó wọ́ kò bá kájọ rárá, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ nẹ́ẹ̀fù ojú, tí prednisolone ń ràn lọ́wọ́ bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láàárín wákàtí 72. Bí ó bá kájọ dáadáa, ẹ̀rù rọpárọsẹ̀ ni kí ó bà yín. Méjèèjì, ọsibítù ni wọ́n ń gbé wọn lọ.

Lẹ́yìn èyí, a máa ń fi nọ́ńbà díwọ̀n agbára iṣan kọ̀ọ̀kan, láti 0 tí iṣan kò ti mira rárá, títí dé 5 tí agbára rẹ̀ ti pé. A ń kọ ọ́ sílẹ̀, nítorí pé ohun tí a bá kọ lónìí ni a ó fi mọ̀ lóṣù tó ń bọ̀ bóyá ara ń yá. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ á wá ṣúgà, fítámíìnì B12 àti àrùn HIV. Àyẹ̀wò iná tí wọ́n ń pè ní EMG á sọ bóyá fọ́nrán já tàbí ìbòrí nìkan ló bàjẹ́, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ṣe é ní ọjọ́ mẹ́ta péré lẹ́yìn ìfarapa, ó lè fi ara hàn bí ẹni pé kò sí nǹkan tó ṣe iṣan; lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 3 ni àmì rẹ̀ ń yọ dáadáa. Kì í ṣe gbogbo ọsibítù ló ní ẹ̀rọ náà, ó sì lè gba pé kí aláìsàn lọ sí Ìbàdàn. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo àyẹ̀wò kò náni ní kọ́bọ̀: a ó fi ìka kan ojú ọ̀nà nẹ́ẹ̀fù jẹ́jẹ́ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, ibi tó bá ti ta aláìsàn riri ni orí fọ́nrán tó ń hù dé. Bí ibẹ̀ bá ń sún sísàlẹ̀ lóṣooṣù, ìrètí wà. Bí ó bá dúró sójú kan fún oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà, ó yẹ kí oníṣẹ́-abẹ ti la ibẹ̀ wò, kí ó yọ àpá kúrò, tàbí kí ó fi nẹ́ẹ̀fù tín-ín-rín tó yọ láti ẹ̀yìn ojúgun dí àlàfo náà. Èyí tí ọ̀bẹ tàbí gíláàsì gé kì í dúró tó bẹ́ẹ̀. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ ni wọ́n yẹ kí wọ́n rán an.

Iṣẹ́ tèmi ni láti pa iṣan àti oríkèé mọ́ títí nẹ́ẹ̀fù á fi dé. Ẹsẹ̀ tó ń rọ̀ wálẹ̀ lójoojúmọ́, iṣan gìgísẹ̀ rẹ̀ á kúrú, bí ó bá sì kúrú, nẹ́ẹ̀fù lè san kí ẹsẹ̀ náà má tẹ́jú mọ́. Nítorí náà, láràárọ̀ àti lálaalẹ́, kí a gbé aṣọ gbọọrọ kọ́ àtẹ́lẹsẹ̀, kí a fà á sọ́dọ̀ ara pẹ̀lú orúnkún tó nà, kí a dúró díẹ̀ kí a tó dẹ̀ ẹ́. Ohun ìdẹsẹ̀ oníke tó ń wọ inú bàtà á gbé iwájú ẹsẹ̀ dúró lọ́sàn-án, kí aláìsàn má baà fi ẹsẹ̀ kọ kí ó ṣubú. Kí ẹnikẹ́ni má fi omi gbígbóná jó ẹsẹ̀ tí kò mọ ìrora, mo ti rí awọ tó bó nítorí rẹ̀; kí ó máa wo àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́ bóyá egbò wà. Òrí tí a fi ń ra á jẹ́jẹ́ kò burú, ara á fẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n kò lè mú nẹ́ẹ̀fù hù. Fítámíìnì B tí wọ́n ń tà káàkiri gẹ́gẹ́ bí oògùn nẹ́ẹ̀fù ń wúlò fún ẹni tí ara rẹ̀ kò ní in tó; B6 àlòjù fún oṣù púpọ̀ fúnra rẹ̀ ń ba nẹ́ẹ̀fù jẹ́. Fún ìrora tó ń jó ni lóru, dókítà lè kọ amitriptyline tàbí gabapentin, nítorí pé paracetamol kì í sábà ràn án.

Ẹni tó ti pẹ́ jù fún nẹ́ẹ̀fù kò pẹ́ jù fún ìrànlọ́wọ́. Oníṣẹ́-abẹ lè yí okùn iṣan tó ṣì lágbára nísàlẹ̀ ẹsẹ̀ padà, kí ó gbé e wá sí iwájú ẹsẹ̀, kí ó máa ṣe iṣẹ́ èyí tó kú; wọ́n ń ṣe é lẹ́yìn ọdún púpọ̀, bí oríkèé kò bá tíì le. Lẹ́yìn rẹ̀ ni a ó wá kọ́ aláìsàn bí yóò ṣe máa lo iṣan náà fún iṣẹ́ tuntun, èyí gba sùúrù àti ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Fún ọmọdé tó ń wọ ohun ìdẹsẹ̀, kí àwọn òbí máa mú un padà wá ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, nítorí pé ẹsẹ̀ ń dàgbà, èyí tó bá sì ti kéré fún un á bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ nẹ́ẹ̀fù mìíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúnkún. Ilé-ẹ̀kọ́ ni kí ó máa lọ ní gbogbo àkókò yẹn, kí ó sì máa bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré.